Awò Tó Yẹ Ojú Àkàngbé

"Kúdí, èwo lo máa lò nínú méjèèjì?"

Saidat ló béèrè bẹ́ẹ̀. Awò kámẹ́rà méjì, ojú tí kámẹ́rà fi ń ríran, ló wà lórí tábìlì nínú ṣọ́ọ̀bù fótò kan ní Muṣin, ní ọdún tó tẹ̀lé èyí tí Ọbabìnrin Ìlú Ọba wá wo Èkó. Kùdírátù, ọ̀rẹ́ rẹ̀, dúró ti tábìlì náà, ó ń yẹ̀ wọ́n wò. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni. Láti ìgbà tó ti jáde ìwé mẹ́fà ló ti ń kọ́ṣẹ́ fótò lọ́dọ̀ Yẹ̀kínnì, àbúrò bàbá rẹ̀. Ṣùgbọ́n Yẹ̀kínnì ti lọ sìnkú àna rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú, kò ní dé títí di ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Iṣẹ́ tó délẹ̀ yìí kò sì lè dúró di ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Sìmíátù, ẹ̀gbọ́n Saidat, bí ọmọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Àkàngbé. Ọmọ náà kò tíì ju oṣù kan lọ. Gbogbo ọmú tó bá mu ló ń tú jáde, ó sì ti rù kan eegun. Dókítà ní ibì kan ló dí nínú ikùn rẹ̀, àfi kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un lọ́jọ́ Ajé. Ọjọ́ Sátidé nìyí. Sìmíátù ti bí ọmọ kan rí, Fàsásì, tó kú lọ́mọ oṣù mẹ́ta, wọn kò sì ya fótò rẹ̀ rárá.

"Mo ti ń gbàgbé bí imú rẹ̀ ṣe rí," ló sọ fún Kùdírátù, tí omijé lé ròrò sójú rẹ̀. "Jọ̀wọ́, bá mi ya ti èyí ká tó gbé e lọ."

Kùdírátù sì gbà láti yà á.

Ó tún wo àwọn awò náà. Èkíní ti gbó, idẹ ni wọ́n fi ṣe ara rẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì fẹ̀ bí ọmọrí agolo mílíìkì. Ó ń yára gba ìmọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń lò ó gbọ́dọ̀ jìnnà sí ẹni tó ń yà. Èkejì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni, ó kéré, ó ń dán. Ó lè kó odidi ìdílé sínú fótò kan láti ìtòsí, ṣùgbọ́n kì í tètè gba ìmọ́lẹ̀.

"Ọmọ ọwọ́ kì í dúró de ayàwòrán," ni Yẹ̀kínnì máa ń sọ. "Awò tó ń yára ni tọmọdé. Tuntun yẹn, ti èrò púpọ̀ ni. Bí o bá gbé e sún mọ́ ojú ènìyàn, á mú kí ojú náà wú." Kùdírátù mọ ọ̀rọ̀ yìí lórí bí Fátíhà.

"Ṣé ẹnu búútà yìí lo fẹ́ gbé wá sílé wa?" ni Saidat wí, ó ń tọ́ka sí awò idẹ. "Wọ́n á máa fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Àti pé yàrá Àǹtí mi há, ibo lo máa fà sẹ́yìn sí?"

Òótọ́ ni pé yàrá náà há. Ṣùgbọ́n ká má purọ́, kì í ṣe yàrá nìkan ló mú kí Kùdírátù nawọ́ mú awò tuntun. Ó wù ú kí àwọn ará ilé rí nǹkan tó ń dán lọ́wọ́ òun. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ a máa fẹ́ jọ ọ̀gá kó tó gbọ́n tó ọ̀gá.

Nígbà tí wọ́n dé yàrá Sìmíátù, àwọn aládùúgbò yọjú lóòótọ́, wọ́n sì kan sáárá sí i. Kùdírátù gbé kámẹ́rà sún mọ́ ọmọ náà dáadáa, ó bo orí mọ́lẹ̀ sábẹ́ aṣọ dúdú, ó yọ ìdérí awò, ó ń dúró kí ìmọ́lẹ̀ tó. Kó tó dé e padà, Àkàngbé yí orí. Kùdírátù rí i. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé bóyá kò ní hàn.

Ó hàn. Nígbà tó fọ fótò náà tán, tó tẹ̀ ẹ́ sórí pépà, iwájú orí ọmọ náà wú bọ̀ǹbọ̀, àgbọ̀n rẹ̀ kò sí mọ́, imú rẹ̀ di méjì, ojú rẹ̀ sì dà bí èéfín. Orí gíláàsì ni kámẹ́rà ìgbà náà ń ya àwòrán sí kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ sórí pépà. Gíláàsì kan ṣoṣo ló ṣẹ́ kù tí a lè fi ya fótò, ọ̀gá sì ti ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án.

"Fi lẹ́ẹ̀dì tún un ṣe," ni Saidat wí. "Ṣebí ẹ máa ń fi pa ìhunjọ ojú àwọn àgbà rẹ́? Ta ló máa mọ̀? Gbogbo ọmọ tuntun ló jọra."

Bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ wọn rí nígbà náà lóòótọ́. Ayàwòrán a máa fi lẹ́ẹ̀dì tó mú tún ojú oníbàárà ṣe lórí gíláàsì, kí àwọ̀ rẹ̀ lè jọ̀lọ̀. Kùdírátù mú lẹ́ẹ̀dì. Ó ya ojú, ó ya imú, ó dín iwájú orí kù, ó tún fótò náà tẹ̀. Kíákíá ni ọmọ kan yọ, ó rẹwà, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún. Saidat pàtẹ́wọ́.

Etí ló kù. Etí Àkàngbé kan ká ní bèbè, Sìmíátù sì ti fi hàn án tẹ̀ríntẹ̀rín pé, "Wo etí bàbá mi lára ọmọ mi." Ṣé tọ̀tún ni àbí tòsì? Kùdírátù ronú títí, kò rántí. Ẹ̀rù wá bà á ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bí ọmọ náà kò bá padà wálé ńkọ́? Sìmíátù yóò máa gbé ojú ọmọ tí ẹnikẹ́ni kò bí mọ́ àyà, yóò máa sunkún lé e lórí. Ó fi lẹ́ẹ̀dì sílẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, ó kó kámẹ́rà, awò idẹ, gíláàsì tó kù àti fótò tó fi lẹ́ẹ̀dì tún ṣe, ó lọ kúnlẹ̀ síwájú Sìmíátù. Ìyá ọkọ Sìmíátù, tí gbogbo ilé ń pè ní Ìyá Àgbà, gbé Àkàngbé lẹ́sẹ̀.

Sìmíátù gba fótò náà, ó wò ó pẹ́. "Ta lèyí?"

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí. Awò tí kò yẹ ni mo lò, torí kí n lè ṣe fáàrí. Fótò náà bàjẹ́, mo wá fi lẹ́ẹ̀dì ya ojú sí i. Kì í ṣe Àkàngbé."

"Ẹ ò rí i?" ni Ìyá Àgbà fi igbe ta. "Mo ní kí wọ́n má gbé iṣẹ́ àgbà fọ́mọdé!"

Sìmíátù kò pariwo. Bóyá ká ní ó pariwo ni, ìyẹn ì bá rọ Kùdírátù lọ́rùn. "Mi ò ní kí o ya ọmọ tó rẹwà fún mi," ló sọ jẹ́jẹ́. "Ọmọ mi ni mo ní kí o yà. Ṣé ó ṣì ṣeé ṣe?"

"Ó ṣeé ṣe, mà. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan péré ni. Mo sì gbọ́dọ̀ jìnnà sí yín, yàrá yìí ò gbà á."

Theophilus, akọ̀wé tó ń gbé yàrá òdìkejì, ti wọ kóòtù ṣọ́ọ̀ṣì, ó ti fẹ́ jáde, ó sì gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ṣí ilẹ̀kùn tirẹ̀ gbayawu. "Yàrá tèmi kọjú sí tiyín," ló wí. "Gbé kámẹ́rà síbẹ̀, kó máa wò yín láti òdìkejì ọ̀dẹ̀dẹ̀." Òun fúnra rẹ̀ ló ti bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Àwọn ayálégbé kó ìkòkò àti àdògán kúrò lọ́nà.

Ìyá Àgbà mí kanlẹ̀. "Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Níbo lo ní ká jókòó sí?"

"Ẹ̀bá fèrèsé, mà, kí ìmọ́lẹ̀ lè bà á."

Sìmíátù jókòó, ó gbé ọmọ lé itan. Òjò ń ṣú, ìmọ́lẹ̀ ń lọ ó ń bọ̀. Àkàngbé bì sára aṣọ ìyá rẹ̀, ó sì bú sẹ́kún, ó ń já ipá. Kùdírátù yọ orí lábẹ́ aṣọ dúdú. Ó di ìdérí awò mú, kò gbọdọ̀ yọ ọ́ ní àìtọ́ àkókò. Oòrùn yọ, ọmọ kò dákẹ́. Oòrùn tún wọ ìkúùkùu lọ.

Ìgbà náà ni Ìyá Àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í ki ọmọ-ọmọ rẹ̀ ní ohùn pẹ̀lẹ́: "Àkàngbé, ọkọ mi. Àkàngbé, má lọ, ilé yìí ni tìẹ. Ẹni tó ń dúró dè ọ́ pọ̀."

Ẹkún náà dá. Ọmọ náà lajú sílẹ̀, ó ń gbọ́. Oòrùn yọ. Kùdírátù ṣí awò, ó sì dé e padà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, bí ó ti ń fọ gíláàsì náà lọ́wọ́, àdúrà ló ń gbà. Ẹ̀gbẹ́ fótò náà ṣú díẹ̀, ṣùgbọ́n ojú ọmọ mọ́ kedere: ojú tó jìn wọnú, ẹnu gbígbẹ, àti etí òsì tó ká ní bèbè. Etí òsì ni.

Lọ́jọ́ Ajé wọ́n gbé Àkàngbé lọ sílé ìwòsàn. Yẹ̀kínnì dé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Kùdírátù sì ròyìn gbogbo rẹ̀ fún un láìfi kan pamọ́. Ọ̀gá ní kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan kámẹ́rà títí Iléyá yóò fi kọjá, kó máa gbá ilẹ̀. Ó gbá a. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá ti yà sí ṣọ́ọ̀bù, ṣe ló ń dáwọ́ ilẹ̀ gbígbá dúró, bóyá wọ́n mú ìròyìn burúkú wá ni.

Níjọ́ kan, Sìmíátù ló wọlé, Saidat tẹ̀ lé e. Ó rù, àwọ̀ rẹ̀ ti ṣá, ṣùgbọ́n ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ń sùn, ó ti ń lẹ́ran lẹ́rẹ̀kẹ́. Ó yọ fótò kan tó ti rún wómúwómú láti abẹ́ bùbá rẹ̀.

"Kúdí, wọn ò jẹ́ kí n dúró tì í," ló wí. "Ìta ni mo ń jókòó sí, fótò yìí ni mo ń dì mú, tí mo ń bẹ Ọlọ́run. Bó bá jẹ́ èyí tí o fi lẹ́ẹ̀dì yà ni mo gbà, ọmọ ta ni ǹ bá máa tọrọ?"

Saidat wolẹ̀. Kùdírátù bú sẹ́kún, ó fọwọ́ kan etí òsì ọmọ náà.

Ó di ayàwòrán ńlá nígbà tó yá, ó sì ní àwọn ọmọ iṣẹ́ tirẹ̀. Ohun tó ń sọ fún wọn náà ni kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń ka ìtàn yìí mú lọ: àṣìṣe tí a bá jẹ́wọ́ ṣì lè ní àtúnṣe, ṣùgbọ́n èyí tí a bá fi lẹ́ẹ̀dì bò, ọ̀wọ́n ènìyàn wa ló máa gbé e mọ́ àyà.