Ọ̀rọ̀ Tí Kò Nílò Ìbúra

Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ọjọ́ Ìsinmi yẹn kò dà bíi ti tẹ́lẹ̀. Èèyàn mọ́kànlá ló jókòó yípo nínú pálọ̀ bàbá Tolúwalọpẹ́ ní Mowe. Wọ́n dijú, ẹnikẹ́ni kò kọrin, ẹnikẹ́ni kò pariwo àdúrà. Bí ìjọ Kuékà ṣe ń sin Ọlọ́run nìyẹn: kò sí pásítọ̀, ẹni tí Ẹ̀mí bá fi ọ̀rọ̀ sí lọ́kàn ni yóò dìde sọ ọ́. Láti kékeré ni Tolúwalọpẹ́ ti fẹ́ràn ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà, àmọ́ lónìí, ẹ̀rù rẹ̀ ń bà á. Gbogbo ọkọ̀ tó ń kọjá lójú títì márosẹ̀ ló dà bí ọkọ̀ ọlọ́pàá létí rẹ̀.

Ọjọ́bọ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n jí ìbéèrè ìdánwò kó ní ọ́fíìsì Ìyáàfin Bádéjọ, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ wọn. Tolúwalọpẹ́ mọ ẹni tó jí i. Ojú rẹ̀ ló ṣe nígbà tí Mọ́láyọ̀, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́, ń jáde níbẹ̀, tó ń ti ìwé bọ abẹ́ súwẹ́tà.

"Tolú, jọ̀ọ́, wọ́n máa lé mi ni," Mọ́láyọ̀ sunkún lẹ́yìn kíláàsì. "Dádì mi á pa mí. Ṣáà sọ pé Màmúdù lo rí. Mégáàdì lásán ni, wọ́n kàn máa lé e lọ ni."

Ìyáàfin Bádéjọ gbé Bíbélì àti Kùránì sórí tábìlì, ó ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa wá búra lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó kan Tolúwalọpẹ́, ó ti ìwé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Ẹ̀yin kì í búra, mo mọ bàbá rẹ," ó ní. "Ohun tí o bá ti sọ, ó ti tó mi. Ta lo rí?"

Òótọ́ ni. Àwọn Kuékà kì í búra, torí wọ́n gbà pé ẹni tó ń sọ òótọ́ lójoojúmọ́ kò nílò rẹ̀. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ wọ́n mọ́ ọn. Tolúwalọpẹ́ dá a lóhùn.

"Màmúdù ni, mà."

Kò sẹ́ni tó bi í léèrè kejì. Ká ní wọ́n bi í ni, bóyá ì bá jẹ́wọ́! Kí ọlọ́pàá tó dé wá gbé Màmúdù, àwọn ọmọkùnrin ìkóríta ti lù ú bí ẹni máa kú.

Nínú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ọjọ́ Ìsinmi náà, ẹnìkan kan ilẹ̀kùn pálọ̀. Nurat, ọmọ Màmúdù, ló wọlé, ó sì kúnlẹ̀ níwájú bàbá Tolúwalọpẹ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà. Bàbá mi ló rán mi láti àgọ́ ọlọ́pàá. Ojú wọn kan ti wú, wọn ò fi ríran mọ́. Wọ́n ní ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń jókòó jẹ́ẹ́ yìí, ẹ kì í parọ́. Wọ́n ní kí n kàn bi Tolú bóyá ẹlòmíì tó jọ wọ́n ló rí."

Bàbá Tolúwalọpẹ́ nawọ́ sí àga tó ṣófo. Nurat jókòó, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ sì tún bo pálọ̀ náà. Tolúwalọpẹ́ rò ó wò. Bó bá sọ̀rọ̀, Mọ́láyọ̀ gbé, òun náà gbé. Bí kò bá sọ̀rọ̀, Màmúdù lè kú sí àtìmọ́lé. Tolúwalọpẹ́ dìde.

"Mi ò rí Màmúdù, Mọ́láyọ̀ ni mo rí. Irọ́ ni mo pa. Mo pa á torí mo mọ̀ pé wọ́n máa gbà mí gbọ́."

Nurat bú sẹ́kún. Bàbá Tolúwalọpẹ́ dé fìlà rẹ̀. "Wọ bàtà rẹ," ó ní. "Ó yá, àgọ́ ọlọ́pàá."

Wọ́n dá Màmúdù sílẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n ojú òsì rẹ̀ kò ríran mọ́ títí dòní, kò sì padà sẹ́nu géètì. Wọ́n lé Mọ́láyọ̀. Wọ́n ní kí Tolúwalọpẹ́ lọ jókòó sílé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Ní sáà tó tẹ̀ lé e, ẹnìkan fọ́ fèrèsé yàrá kọ̀ǹpútà. Bíbélì àti Kùránì tún dé orí tábìlì. Nígbà tó kan Tolúwalọpẹ́, ó dúró kí ọ̀gá náà tì wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìyáàfin Bádéjọ sún Bíbélì síwájú rẹ̀.

"Búra."

"A kì í búra, mà. Òótọ́ ni mo fẹ́ sọ."

"Ta ló máa gbà ọ́ gbọ́?"

Tolúwalọpẹ́ kò fọwọ́ kan Bíbélì náà. Ó dúró síbẹ̀, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó ti wá yé e pé ìgbàgbọ́ òun kò mọ sí inú pálọ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi. Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tó ń ti ẹnu òun jáde ló wà. Irọ́ kan ṣoṣo ló ba orúkọ rere tí bàbá rẹ̀ fi gbogbo ayé rẹ̀ kó jọ jẹ́, òótọ́ ojoojúmọ́ ni òun yóò sì fi tún un ṣe, bó ti wù kó pẹ́ tó.