Dígí Típà Tó Sọnù ní Bẹyẹrúnkà

Wọ́n ti jí dígí náà. Aṣọ tí wọ́n fi wé e ṣì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ṣófo bí ikùn aláàwẹ̀.

Morẹ́nikẹ́ télọ̀ jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ẹsẹ̀ kan nílẹ̀, èkejì ti tán sí orúnkún. Kò sunkún. Ẹkún ti tán nínú ẹ̀ láti ọjọ́ tí típà yanrìn já bọ́ láti òkè Mapó, tó gbá a, tó sì sá lọ. Dígí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ yẹn nìkan ló já sílẹ̀. Irin tó gbé e dúró ti kán rí, wẹ́dà kan sì ti jó o pọ̀.

Lọ́yà Bertha l'Ókè Bọ́lá ti sọ fún un pé, "Ẹ tọ́jú ẹ̀ bí ojú yín. Wẹ́dà mọ iṣẹ́ ọwọ́ ara ẹ̀. Lọ́jọ́ Ajé, a máa gbé e lọ bá àwọn wẹ́dà. Tí wọ́n bá ti sọ ẹni tó ni típà, ẹ máa gba owó gbà-má-bìínú."

Owó yẹn ni ẹsẹ̀ àtọwọ́dá. Ẹsẹ̀ yẹn ló máa jí máṣíìnì tó ń gba eruku ní kọ̀rọ̀. Láìsí dígí, ó tán.

Ni lọ́yà bá rán Ọlábọ̀wálé wá. Ẹ má pe ìyẹn ní ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ lásán o! Tí èèyàn bá purọ́ l'Ágodi, imú Ọlábọ̀wálé á ti gbóòórùn ẹ̀ ní Pópó Yemọja. Ó wo ewúrẹ́ kan lójú lọ́jọ́ kan, ewúrẹ́ náà sì jẹ́wọ́ iṣu tó jẹ.

"Àǹtí, ta ló wọlé?"

"Wòlíì Obed ni, bọ̀dá. Mo ti lo oògùn ìrora, oorun ń gbé mi lọ. Mo kàn rí sùtánà funfun tó bẹ̀rẹ̀ síbi bẹ́ẹ̀dì. Mo rò pé àdúrà ọ̀sán ló wá ṣe, bó ṣe máa ń ṣe."

"Ó sọ̀rọ̀?"

"Àlá ni mo lá. Mo kérora, mo sì gbọ́ tí wọ́n rọra ní, 'Pẹ̀lẹ́, Àjọkẹ́,' bí màmá mi ṣe máa ń ṣe kí wọ́n tó kú. Oògùn yẹn lágbára."

"Àwọn wo ló mọ̀ pé ibẹ̀ ni dígí wà?"

"Wòlíì, tó ní kí n jù ú sódò, pé ohun tó ṣeni ní jàǹbá kì í bá ni gbélé. Karimat tó ń ra irin àlòkù lójúde níbí, ó ti ná an rí. Àti ẹ̀gbọ́n mi, Tíṣà Olúyẹmí. Àwọn ní kí n fìjà fún Ọlọ́run jà, kí n má lọ kóòtù."

Karimat ò tiẹ̀ dìde lórí òkìtì irin ẹ̀.

"Ẹ wò mí dáadáa. Ṣé irin tí ò tó gbé lórí òṣùwọ̀n ni màá wá jí? Mo ná an, ó ní òun ò tà, ó parí. Wòlíì ni kẹ́ ẹ lọ mú."

"Ẹ rójú ẹ̀?"

"Ẹ̀yìn ẹ̀ ni mo rí. Ó faṣọ funfun borí, kò kí èèyàn, bàtà ẹ̀ ń dún kọ́, kọ́, kọ́ lórí símẹ́ńtì bí ẹṣin ọdún."

"Bàtà?"

"Bàtà ni mo wí! Àbí etí yín di ni?"

Ọlábọ̀wálé fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ lọ sọ́dọ̀ Wòlíì. Gìgísẹ̀ Wòlíì ti sán bí ilẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn, abẹ́rẹ́ lè sọnù síbẹ̀.

"Bàbá Wòlíì, bàtà wo lẹ máa ń wọ̀ lọ gbàdúrà fún Àǹtí Morẹ́nikẹ́?"

"Bàtà kẹ̀? Nínú sùtánà? Èèwọ̀! Látìgbà tí mo ti wọ aṣọ yìí, ilẹ̀ ni bàtà mi. Mo ní kí Sísítà ju dígí yẹn nù lóòótọ́, mi ò ní màá bá a jù ú. Èmi gan-an ń wá sùtánà kan tó sọnù lórí okùn mi. Ewúrẹ́ ni mò ń fura sí."

"Ewúrẹ́ kọ́, Bàbá."

Nígbà tó padà dé ọ̀dọ̀ Morẹ́nikẹ́, Tíṣà Olúyẹmí ti wà níbẹ̀. Ọmọ kúáyà Áńgílíkà láti kékeré, bàtà ẹ̀ ń dán débi pé èèyàn lè fárùngbọ̀n níwájú ẹ̀. Ó ń bó ọsàn fún àbúrò ẹ̀.

"Àjọkẹ́, pẹ̀lẹ́. Mu èyí."

"Ẹ ṣé, bọ̀dá mi."

Ọlábọ̀wálé dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Àǹtí, ta ló tún ń pè yín l'Àjọkẹ́?"

"Màmá wa. Àti bọ̀dá mi yìí. Kò sí ẹlò..."

Ẹnu ẹ̀ ò pa dé. Ọ̀bẹ dúró lára ọsàn.

"Tíṣà," ni Ọlábọ̀wálé wí, "ẹ jí sùtánà lórí okùn, kí wọ́n lè ní Wòlíì ni. Ẹ dúró dìgbà tí oògùn gbé e lọ. Ṣùgbọ́n Wòlíì kì í wọ bàtà sí sùtánà. Nígbà tí àbúrò yín sì kérora, àánú ṣe yín, ẹ pè é lóríkì. Ta ló wá ń bẹ̀rù kí wẹ́dà rí dígí? Ẹni tó ni típà ni."

"Irọ́ ni! Tíṣà lásánlàsàn, níbo ni mo ti fẹ́ rí típà?"

"Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká lọ wo inú yàrá yín."

Ọsàn bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀.

"Ó wà lábẹ́ aṣọ kúáyà mi," ló wí. "Mo ra típà ní kọ̀kọ̀. Dírẹ́bà sọ fún mi pé bíréèkì ò mú, mo ní kó ṣì máa fi ṣiṣẹ́. Nígbà tó sá dé, ó ní òun gbá obìnrin kan. Ìgbà tí mo dé ọsibítù ni mo rí i pé ìwọ ni."

"Ẹ ò tiẹ̀ lè bọ́ bàtà?" Ọlábọ̀wálé bi í.

"Ẹrẹ̀ àti ìgò fífọ́ ló kún ojúde yẹn kéèyàn tó dé orí símẹ́ńtì. Mi ò lè fẹsẹ̀ lásán rìn ín."

Morẹ́nikẹ́ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà korò ju ewúro lọ. Látìgbà tí wọ́n ti bí i, kò pe ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ní "ìwọ" rí.

"Ìwọ ò lè fẹsẹ̀ lásán tẹlẹ̀. Èmi ò ní méjì tí màá fi tẹ̀ ẹ́. O mọ̀, o sì ń bó ọsàn fún mi."

Olúyẹmí dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ẹ̀jẹ̀ kan náà ni wá, Àjọkẹ́. Má jẹ̀ẹ́ ká gbéra wa dé kóòtù."

"Ẹ̀jẹ̀ mi ṣì wà lókè Mapó. Lọ kó o níbẹ̀." Ó yíjú sí Ọlábọ̀wálé. "Ẹ gbé dígí fún lọ́yà. Ẹ ní kí wọ́n kọ orúkọ ẹ̀. Kó má sì pè mí l'Àjọkẹ́ mọ́. Oríkì tí màmá wa fún mi ló fi jalè."

Ọlábọ̀wálé gbé dígí gba Bẹẹrẹ kọjá. Ó gbé e lé lọ́yà lọ́wọ́ l'Ókè Bọ́lá.

Owó jáde. Ẹsẹ̀ àtọwọ́dá dé. Máṣíìnì tún ń dún ní Bẹyẹrúnkà. Àwọn oníbàárà ń pè é ní Àǹtí, Wòlíì ń pè é ní Sísítà. Àjọkẹ́ ò lẹ́ni tó ń pè é mọ́.