Orúkọ Tó Wà Nínú Ìwé Mitwalli

Wọ́n jí ìdérí irin ihò omi ẹ̀gbin tó wà láàárín àdúgbò, wọ́n wá fi páálí lásán bo ẹnu ihò. Ẹ gbọ́ ìkà! Sundus, ọmọ ọdún mẹ́fà, tẹ páálí náà nígbà tó ń lọ ra búrẹ́dì láàárọ̀, ó sì já sínú ẹ̀gbin. Wọ́n fa á yọ, àmọ́ títí di ọ̀sán, ọmọ kò tíì lajú nílé ìwòsàn. Gbogbo ìlú Mahalla ń pariwo pé kí wọ́n ṣáà wá olè náà jáde fáwọn.

Ìnsípẹ́kítọ̀ Wahdan kò bá wọn pariwo. Ọ̀dọ̀ Mitwalli tó ń ra irin àlòkù ló gbà lọ tààrà. Ìdérí náà wà lẹ́yìn òṣùwọ̀n lóòótọ́.

"Ọ̀gá, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín!" Mitwalli ṣí ìwé tó fi ń kọ ọjà sílẹ̀. "Òfin tuntun ní ká kọ orúkọ ẹni tó bá ta irin. Mo kọ ọ́!"

"Òfin ní kó o gba káàdì ìdánimọ̀ ẹ̀ wò. Ṣé o gbà á?"

"Ó ní òun gbàgbé ẹ̀ sílé. Ojú ẹ̀ pọ́n, bí ẹni tó fẹ́ sunkún. Mo ní, 'Kí ni wọ́n ń pè ẹ́?' Ó dáhùn, mo kọ ọ́. Mi ò mọ̀ ọ́n rí."

Wahdan ka orúkọ náà. Ó mú ìwé náà dání, ó lọ bá ìyá oníbúrẹ́dì tí ọ̀rọ̀ náà ṣojú rẹ̀.

"Èmi ni mo lọ pe bàbá ọmọ," ìyá náà sọ. "Mo ní, 'Sundus ti ṣubú o!' Mi ò tíì sọ ibi tó ṣubú sí tó fi gbé okùn. Ó dé ìdí ihò ṣáájú mi."

Nílé ìwòsàn, Mahrus, bàbá Sundus, jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá ọmọ rẹ̀.

"Mahrus, ta ló sọ fún ẹ pé inú ihò lọmọ wà?"

Mahrus kọjú sí ilẹ̀kùn yàrá náà.

"Èèyàn lè múra irọ́ sílẹ̀," Wahdan sọ. "Àmọ́ tí wọ́n bá bi í lójijì pé kí ni wọ́n ń pè é, ohun tí gbogbo àdúgbò ń pè é ló máa jáde lẹ́nu ẹ̀." Ó ṣí ìwé náà. Ohun tí Mitwalli kọ síbẹ̀ ni: Bàbá Sundus.

Ẹkún gbọ̀n Mahrus. "Oògùn àyà ẹ̀ ló tán! Wọ́n ti lé wa níbi iṣẹ́ ìhunṣọ, ọmọ ò lè mí dáadáa mọ́! Ó ń sùn nígbà tí mo jáde. Mo ní tí mo bá ra oògùn tán, màá wá pátákó bo ihò yẹn." Ó yọ oògùn náà lápò. Kò tíì já ọ̀rá ara rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì ṣílẹ̀kùn. "Ọmọ ti lajú o! Ó ń bèèrè bàbá ẹ̀."

Mahrus dìde, ó wo ojú Wahdan. Àánú rẹ̀ ṣe ọlọ́pàá náà gan-an.

"Wọlé lọ kí i. Màá dúró dè ẹ́ níbí." Ó mú bírò. "Ṣùgbọ́n mo gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀. Kí ni wọ́n ń pè ẹ́?"

Mahrus la ẹnu, ó tún pa á dé.

"Mahrus," ó ní. "Mahrus Abdulgawad. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ orúkọ inú ìwé yẹn mọ́."