Ìwé Alóre Tí Lù Tún Kọ

Ní ọjọ́ tí eruku sọ lẹ́yìn odi ààlà, Lù ni akọ̀wé àgbà láàfin ọba Ṣáínà. Aṣọ ṣẹ́dà rẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀, kò sì sẹ́ni tó mọ búrọ́ọ̀ṣì ìkọ̀wé lò tó o. Òun ló ń tún ìwé àwọn alóre kọ kí ọba tó kà á. Alóre odi kọ̀wé pé: "Eruku ni mo rí. Bóyá agbo àgùntàn ni, bóyá ọ̀tá ni. Ojú mi kò tó o." Lù ní irú ìwé wúruwùru báyìí kò yẹ ojú ọba. Ó yọ gbogbo "bóyá" kúrò, ó kọ ọ́ kó dán, pé agbo àgùntàn ni. Ọba kà á, kò rán ogun lọ. Ọ̀tá ni eruku náà; inú odi yẹn ni ọmọ tí Lù bí kú sí.

"Kò tún ìwé ẹnikẹ́ni kọ mọ́ títí ó fi kú." Báyìí ni Naheem, tó ń kọ́ni ní ìkọ̀wé Ṣáínà ní Barking nílùú òyìnbó, ṣe parí ìtàn rẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yòókù pàtẹ́wọ́. Ọláníkẹ́, tó jókòó láàárín wọn, fa báàgì rẹ̀ sún mọ́ra.

Akọ̀wé ìran ni Ọláníkẹ́ ní ìjọ Aládùúrà rẹ̀. Bí Ìyá Wúrà, aríran ìjọ náà, bá ń ríran nínú ẹ̀mí, òun ló ń sáré kọ ọ́; bó bá délé, á tún un kọ kó mọ́, á fún ẹni tó ni ín. Lọ́jọ́ Àìkú, ìran jáde fún Dávídì, ọmọ ìjọ wọn kan tí ìyá rẹ̀ ń ṣàìsàn n'Íjẹ̀bú-Igbó. "Ara mi le" lorin ìyá náà lórí fóònù, òótọ́ kì í sí níbẹ̀. Ohun tí Dávídì fẹ́ mọ̀ ni bóyá kó máa lọ sílé, àbí kó dúró de ìsinmi oṣù Kejìlá. Ìwé tó mọ́ sọ fún un pé: "Ìyá rẹ jókòó ní àlàáfíà." Dávídì dúró.

Ọláníkẹ́ tú ìwé àkọ́kọ́ jáde nínú báàgì. Ohun tó fagi lé ṣì hàn: "Ó jókòó, àbí wọ́n gbé e jókòó ni? N ò rí ojú rẹ̀." Ṣé òun ti ṣẹ̀ ni? Àbí iṣẹ́ òun lòun ṣe? Kó tó dá ara rẹ̀ lóhùn, ó ti dé River Road níbi tí Dávídì ti ń ṣiṣẹ́.

Dávídì ka ìwé méjèèjì lẹ́nu ọ̀nà. "Àǹtí, so èwo ni kí n follow báyìí?"

"Èmi gan-an ò mọ̀. Má bínú. Pe ìyá ẹ, kó o ní kí aládùúgbò wọn bá ẹ sọ̀rọ̀."

Fóònù dún títí. Ọkùnrin aládùúgbò ló gbé e. "Dávídì, àtàná la ti ń wá bí a ṣe máa sọ fún ẹ. Màmá ti lọ."

Dávídì fara ti ògiri.

"Ẹ bá mi kọ lẹ́tà sí mánéjà pé mo fẹ́ lọ sìnkú, Àǹtí. Ọwọ́ yín ló dáa jù."