Bulọ́ọ̀kù Tó Sán

"Bàbá Kelepi, ẹ wo ọ́ìlì yìí. Ó ti dà bí omi wàrà!"

Siale na ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì jáde láti inú ikùn ọkọ̀ ojú omi. Bàbá Kelepi, tó máa ń tu ọkọ̀ náà, gbà á, ó fi ìka tọ́ ọ wò, ó sì mi orí.

"Omi ti wọ inú ọ́ìlì. Ẹ́ńjìnnì ti sán níbì kan, ọmọ mi."

Siale fi àkísà àti epo díísù nu ara ẹ́ńjìnnì náà títí ó fi mọ́, ó wá fi ẹfun pa á. Kò pẹ́ tí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan fi yọ lára ẹfun náà ní ẹ̀gbẹ́ bulọ́ọ̀kù, ìyẹn irin ńlá tó jẹ́ ara ẹ́ńjìnnì, tó ń làágùn omi.

Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni Siale. Bàbá rẹ̀, tó máa ń tún ẹ́ńjìnnì náà ṣe, ti lọ ká èso ní Ọsirélíà. Irinṣẹ́ rẹ̀ àti iṣẹ́ tó fi kọ́ ọmọ ló fi sílẹ̀. Ọkọ̀ yìí nìkan ló ń gbé àwọn ará erékùṣù wọn ní Tonga lọ sí ìlú Pangai, òun náà ló sì yẹ kó gbé Siale àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ ṣe ìdánwò àṣejáde lọ́jọ́ Ajé.

Àǹtí Latai, ẹ̀gbọ́n bàbá Siale, ló ni ọkọ̀. Ní Tonga, ẹ̀gbọ́n bàbá ẹni tó jẹ́ obìnrin kì í ṣe ẹni tí èèyàn ń bá jiyàn. Bó bá ní kí o jókòó, o ò gbọdọ̀ dúró wá àga.

"Ẹ jẹ́ ká ra ẹ́ńjìnnì mìíràn," ni Bàbá Kelepi sọ fún un.

"Orí bíbẹ́ ha ni oògùn orí fífọ́?" ni Àǹtí Latai dá a lóhùn. "Ẹ wá nǹkan ṣe sí i."

"Mo lè tún un ṣe, Àǹtí," ni Siale wí.

Semisi, ọmọ kíláàsì rẹ̀, bú sẹ́rìn-ín. "Ṣé abẹ́rẹ́ àti òwú lo máa fi rán irin ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Tí òwú bá ṣẹ́kù, màá fi rán ẹnu tìẹ náà."

Siale lu ihò sí orí àti ìdí ojú sísán náà kó má baà gùn sí i. Ó wá ń lu ihò tó tẹ̀ léra wọn lórí ìlà náà, ó ń yí bóòtù irin kéékèèké wọ inú wọn, ọ̀kan ń jẹ ẹ̀gbẹ́ èkejì, títí gbogbo ojú rẹ̀ fi dí. Ọwọ́ rẹ̀ bó. Nígbà tí wọ́n rọ omi sí i tí wọ́n sì fún atẹ́gùn mọ́ ọn, kò jò rárá. Gbogbo èbúté pàtẹ́wọ́. Semisi fúnra rẹ̀ ló gbé àpótí irinṣẹ́ Siale délé.

Ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ ti sọ fún un rí pé irin tó tutù máa ń purọ́. Nígbà tó di Sátidé, ó tan ẹ́ńjìnnì náà kó lè gbóná dáadáa. Ìgbà tó gbóná ni omi yọ lábẹ́ ibi tí ó rán. Ó nù ún. Ó tún yọ. Ibòmíràn ti ń sán.

Semisi nìkan ló wà lọ́dọ̀ rẹ̀. "Mi ò rí nǹkan kan o," ló wí. "Ìwọ náà ò rí nǹkan kan. Tá a bá pàdánù ìdánwò yìí, ó di ọdún tó ń bọ̀."

Siale jókòó sílẹ̀. Òun náà fẹ́ ṣe ìdánwò náà, ó fẹ́ ẹ gan-an. Iṣẹ́ tí gbogbo èèyàn sì ti yìn, ta ni yóò fẹ́ fi ẹnu ara rẹ̀ bà á jẹ́? Ó pẹ́ kó tó dìde. Ó gba ilé Àǹtí Latai lọ, ó sì sọ fún un pé omi tún ti ń yọ.

"Fi gọ́ọ̀mù lé e," ni Àǹtí wí.

"Gọ́ọ̀mù ò ní mú un."

"Ìwọ kọ́ lo ní o lè tún un ṣe ni?"

"Èmi ni, Àǹtí. Mo ṣe é, kò dúró. A kì í fi iná sórí òrùlé ká sùn."

"Èmi lò ń pa òwe fún? Ọkọ̀ máa gbéra lọ́jọ́ Ajé!"

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dé pẹ̀lú báàgì wọn. Wọ́n bá Siale tó dúró lẹ́nu ihò ẹ́ńjìnnì, ó ti tú páìpù tí díísù ń gbà kọjá, ó gbá a mọ́ àyà.

"Ẹni tó bá fẹ́ lọ, kó fi àjẹ̀ wà á!" ni Siale wí.

Àwọn òbí bẹ̀rẹ̀ sí í bú u. Àǹtí Latai na ọwọ́. "Gbé e wá."

"Mi ò ní gbé e wá. Ẹ lè nà mí, Àǹtí. Ẹ lè lé mi nílé. Àwa ọmọ yìí ò ní bá ẹ́ńjìnnì yìí wọ òkun."

"Láti òní lọ, má pè mí ní àǹtí mọ́!"

Bàbá Kelepi ló dá sí i. "Ẹ jẹ́ ká so ọkọ̀ mọ́lẹ̀ níbí, kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ bí ẹni ń lọ Pangai. Tó bá yè é, a ó gbéra."

Àǹtí Latai gbà. Siale dá páìpù padà, wọ́n tan ẹ́ńjìnnì, gbogbo wọn jókòó sí etí omi. Ó ń ṣiṣẹ́ geere. Nígbà tó yá, Àǹtí bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín músẹ́, àwọn kan ti ń gbé báàgì wọn.

Lójijì ni nǹkan dún gbàmù. Èéfín omi gbígbóná bo ọkọ̀, ọ́ìlì funfun ń dà, ẹ́ńjìnnì kú fin-ín.

Bàbá Kelepi wo oòrùn. "Ká ní a lọ ni, àárín òkun la wà báyìí."

Ìyá Semisi fa ọmọ rẹ̀ mọ́ra.

Síbẹ̀, wọn ò gbé Siale lé èjìká. Wọ́n pàdánù ìdánwò, Semisi ò sì bá a sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Àǹtí Latai wá dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé Siale.

"Ẹ́ńjìnnì mìíràn ń bọ̀ láti ìlú Nukuʻalofa. Ìwọ lo máa yẹ̀ ẹ́ wò kí n tó gbà á."

"Ẹ ní kí n má pè yín ní àǹtí mọ́."

"Pè mí, jàre! Ta ni kí o wá máa pè?"

Siale yẹ ẹ́ńjìnnì náà wò tinú tẹ̀yìn, òun àti Bàbá Kelepi ló sì gbé e sínú ọkọ̀. Ọkọ̀ náà ló gbé òun àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ ṣe ìdánwò ní ọdún tó tẹ̀ lé e.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, kì í ṣe gbogbo ohun tó bá sán la máa ń jù nù, kì í sì í ṣe gbogbo ohun tí a bá rán ló máa ń dì mú. Ó dára kí èèyàn láyà láti gbìyànjú. Ìgboyà tó ju ìyẹn lọ ni pé kó dúró níwájú àwọn tó pàtẹ́wọ́ fún un, kó sọ pé iṣẹ́ òun kù díẹ̀ káàtó. Siale sọ ọ́, ó sì pàdánù ọdún kan. Ṣùgbọ́n òkun ò gbé ọmọ ẹnikẹ́ni lọ.