Àwọ̀ Tí Dona Zulmira Kò Fẹ́

Valdecir fi àwọ̀ sí ohun tí wọ́n ní kó má fi àwọ̀ sí. Ẹ̀ṣẹ̀ tó dá nìyẹn, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ̀ ọ́n kí n tó sọ ohunkóhun mìíràn. Ohun tó tẹ̀lé e kò yé mi títí di òní. N kò fi nǹkan kan kún un. Ojú mi ló ṣe.

Mo ń fún omi ìrèké tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Foz do Iguaçu, ní títì tó lọ sí afárá Paraguay. Ẹ̀rọ géèmù àtijọ́ ni Valdecir ń tún ṣe. Ó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Àwòrán tó ń gbọ̀n, tó rú, yóò fi wáyà tuntun fà á láti inú ẹ̀rọ wá, yóò sì mọ́ kedere bíi gíláàsì fèrèsé tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ nù.

Ẹ̀rọ tó bá gba orí afárá wọlé kì í ní àwọ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n tiwa. Dúdú àti funfun ló ń mú wá. Nítorí náà, gbogbo oníṣẹ́ ìlú wa ló ń fi òjé jó pátákó oníwáyà kékeré kan mọ́ inú rẹ̀ kí àwọ̀ lè jáde. Wọn kì í bi ẹni tó ni ín. Ta ni kò fẹ́ àwọ̀?

Dona Zulmira kò fẹ́. Iṣẹ́ abẹ́rẹ́ àti òwú ni ìyá àgbàlagbà yìí fi ń jẹun. Òun ló ń fi òwú ya àwọn ẹni mímọ́ sára àsíá fún ìjọ. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó gbé ẹ̀rọ tí àbúrò rẹ̀, olóògbé Osmar, fi sílẹ̀ fún un wá.

"Àwòrán yìí ń gbọ̀n, ọmọ mi. Ó ń dá ojú mi lágara, ojú yẹn ni mo sì fi ń ṣiṣẹ́. Bá mi mú un dúró."

"Dona Zulmira, ẹ̀yin náà ń ṣeré géèmù? Àwọn ẹgbẹ́ yín wà ní ṣọ́ọ̀ṣì."

"Ìwọ tí o kì í lọ, báwo lo ṣe mọ ibi tí wọ́n wà?"

Valdecir rẹ́rìn-ín. "Màá fi àwọ̀ sí i fún yín. Ẹ̀bùn ni."

Ẹ̀rín kúrò lójú obìnrin náà. "Má fi àwọ̀ sí i. Osmar náà kọ̀ ọ́. Ó ní òun ò mọ ibi tí yóò ti wá."

"Inú pátákó ni, màmá."

"Má fi sí i. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́."

Èmi náà gbọ́ ọ.

Nígbà tó fi máa di ọ̀sán ọjọ́ kejì, àwòrán náà ti dúró. Ibẹ̀ ló yẹ kó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kò lè fara da àwòrán tó mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí kò ní àwọ̀. Ìgbéraga ni mo pè é. Ó fi òjé jó pátákó mọ́ ọn, ó sì pè mí kí n wá wò ó.

Oòrùn mú. Títì dá páropáro. Bó ṣe tan ẹ̀rọ náà, fáànù ṣọ́ọ̀bù ń yí, ṣùgbọ́n ariwo rẹ̀ dákẹ́. Àwọ̀ jáde. Ọmọkùnrin kan ń rìn nínú igbó nínú géèmù náà. Àwọ̀ igbó náà, àwọ̀ ilẹ̀kùn ilé Dona Zulmira ni. Ilẹ̀kùn yẹn ti ṣá lápá ìsàlẹ̀. Igbó náà ṣá lápá ìsàlẹ̀.

"Valdecir, pa á."

"Kí ló dé? Ó rẹwà."

Ìgbà náà ni Dona Zulmira wọlé, àpò òwú lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wo tẹlifíṣọ̀n pẹ́.

"Ó dúró dáadáa," ló wí. "O ṣé tí o kò fi àwọ̀ sí i."

Valdecir wò mí. Pupa, búlúù, àwọ̀ ewé, gbogbo rẹ̀ ń tàn sí obìnrin náà lójú. Ó bojú wo inú àpò rẹ̀. Ó mú òwú kan jáde. Ó mú òmíràn. Ó kó wọn lọ sẹ́nu ọ̀nà, níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà.

"Ta ló da eérú sí òwú mi?"

Kò sí eérú kankan níbẹ̀.

Valdecir yọ pátákó náà lójú ẹsẹ̀. Àwòrán padà di dúdú àti funfun lójú tiwa. Àwọ̀ òwú kò padà bọ̀ sípò lójú tirẹ̀. Dókítà ojú yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní kò sí ohun tó ṣe ojú náà. Pátákó ọ̀hún ṣì gbóná lórí tábìlì lọ́jọ́ kejì, kò sì sí iná lára rẹ̀.

"Má sọ fún ẹnikẹ́ni," Valdecir wí fún mi. "Wọn á ní mo ya wèrè."

Dona Zulmira náà kò sọ. Ẹ̀rù ń bà á pé ìjọ á gba iṣẹ́ lọ́wọ́ òun. Àsíá Jòhánù Mímọ́ ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń fi àbá mú òwú títí ó fi parí rẹ̀.

Lọ́jọ́ àjọ̀dún, wọ́n gbé àsíá náà jáde síwájú ṣọ́ọ̀ṣì. Ọ̀dọ́ àgùntàn tó wà lẹ́sẹ̀ ẹni mímọ́ náà jẹ́ àwọ̀ ewé. Gbogbo ojú ẹni mímọ́, títí dé ẹ̀rẹ̀kẹ́, jẹ́ búlúù.

"Ìyá yìí mutí kó tó ránṣọ," ẹnìkan wí.

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Dona Zulmira ń wo ẹnu wọn, kò mọ ohun tí wọ́n rí. Àlùfáà ti ń ká àsíá náà.

Valdecir gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn.

"Ẹ má fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ọwọ́ mi ni nǹkan tí ẹ ń wò yìí ti wá. Ó ní kí n má fi àwọ̀ sí ẹ̀rọ òun. Mo gbọ́, mo sì fi sí i, torí mo rò pé mo mọ ohun tó dára fún un jù ú lọ. Látọjọ́ náà, kò rí àwọ̀ kankan mọ́. Dona Zulmira, ẹ dárí jì mí níwájú gbogbo èèyàn. Mo ti yọ àwọ̀ náà kúrò nínú ẹ̀rọ, kò sì padà sọ́dọ̀ yín. Mi ò mọ ibi tó lọ. Ẹ̀yin ará, bí ẹnikẹ́ni bá rí i níbikíbi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi mú un wá fún màmá."