Ìdáhùn Mẹ́ta tí Kóòṣì Kọ́ Gbádérọ̀

"Ọjọ́ wo lòní?"

"Sátidé, sà!"

"Ìlú wo la wà?"

"Ìbàdàn, sà!"

"Ìka mélòó nìyí?"

"Mẹ́ta, sà!"

Yéjídé dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ẹgbẹ́ akànṣẹ́ ní Dùgbẹ̀, ó ń gbọ́ wọn. Ọjọ́rú ni ọjọ́ náà, Kóòṣì Nùrẹ́nì kò sì na ìka kankan sókè. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ ní èsì tí wọn yóò fọ̀ fún dókítà ìdíje bí ẹ̀ṣẹ́ bá gbé wọn ṣánlẹ̀, nítorí dókítà náà kì í yí ìbéèrè rẹ̀ padà. Gbádérọ̀, àbúrò Yéjídé, ló ń pariwo jù.

Ẹ̀ṣẹ́ kan ti mú Gbádérọ̀ dákú lọ́sẹ̀ tó kọjá. Láti ìgbà náà ni orí ti ń fọ́ ọ, tí ó sì ń bì. Yéjídé tó ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí.

"Bọ́ ìbọ̀wọ́ yẹn sílẹ̀! Ọpọlọ rẹ ò tíì balẹ̀, Wáẹ́ẹ̀kì sì ku ọjọ́ márùn-ún."

"Àǹtí mi, ìlara ló ń ṣe yín," ni Gbádérọ̀ wí. "Bí mo bá borí ní ìdíje Sátidé, màá ṣojú Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́."

Nùrẹ́nì yínmú. "Obìnrin kì í kọ́ mi níṣẹ́. Jáde níbí!"

"Sọ òótọ́ fún dókítà, Gbádérọ̀. Ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́."

Gbádérọ̀ kẹ̀yìn sí i.

Ní Sátidé, ẹ̀ṣẹ́ Àkànó tó ń bá a jà bà á létí, ó ṣubú gbì. Dókítà bi í ní ìbéèrè mẹ́ta, kò ṣi ọ̀kankan. Wọ́n ní kó padà sójú ìjà. Ó tún jẹ ẹ̀ṣẹ́ rẹpẹtẹ, ó sì borí.

Lọ́jọ́ Ajé, wọ́n ránṣẹ́ pe Yéjídé sílé ìwé àbúrò rẹ̀. Gbádérọ̀ jókòó sínú gbọ̀ngàn ìdánwò, ó ń wo bírò rẹ̀ bí ohun àjèjì. Níbi tó yẹ kó kọ orúkọ sí, ó kọ: Sátidé. Ìbàdàn. Mẹ́ta. Yéjídé bú sẹ́kún.

Lẹ́yìn oṣù méjì, Nùrẹ́nì gbé ife ẹ̀yẹ ìdíje náà wá sílé wọn ní Agbowó. Gbádérọ̀ wà lórí ẹní, ó ń fi ìka tọ ọ̀rọ̀ inú ìwé ọmọ kíláàsì kejì alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò mi!" ni Nùrẹ́nì kígbe.

Yéjídé, tí kì í nàró kí àgbà, dìde, ó na ìka márùn-ún sí i lójú, àrífín tí kò ṣe sí àgbàlagbà rí.

"Kóòṣì, ìka mélòó nìyí?"

Nùrẹ́nì gbé ife rẹ̀, ó bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀.

"Àǹtí mi," ni Gbádérọ̀ wí jẹ́jẹ́, "ká ní mo sọ òótọ́ fún dókítà ni."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí orí bá ń fọ́ yín lẹ́yìn ẹ̀ṣẹ́, ẹ má fi pa mọ́ nítorí ife. Wọ́n ń ta ife lọ́jà. Wọn kì í ta ọpọlọ.